Kí Màmá àti Bàbá Tó Wọ Áṣíráàmù Ní India

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó gùn, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì kan ọ̀pọ̀ nínú yín tí ọmọ yín wà lókè òkun.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló kọ ọ́ láti Festac. Màmá ní òun ti pé ẹni ọdún 66, bàbá àwọn ọmọ òun sì ti pé 72. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá màmá fà á, ó sì ń kán oògùn sójú ní alaalẹ́ nítorí gìlàkómà, àrùn ojú tó máa ń jí ìríran èèyàn gbé díẹ̀díẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ni ti bàbá, Daonil wà lára oògùn tó ń lò. Ọmọkùnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Bengaluru, ní gúúsù India, ti ní kí àwọn méjèèjì wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n sì fi ọjọ́ mélòó kan nínú rẹ̀ wọ áṣíráàmù, níbi tí wọ́n á ti kọ́ yógà àti àṣàrò. Ó ti kọ orúkọ ibi mẹ́ta ránṣẹ́. Ọmọbìnrin wọn tó wà ní Amuwo ní òun ò fara mọ́ ọn, pé òrìṣà ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Màmá wá ń béèrè pé: "Ṣé kí a lọ, àbí kí a jókòó? Bí a bá máa lọ, ẹ bá wa mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Èmi ì bá ti fi ẹ̀rín dáhùn, ká ní kì í ṣe ti gbólóhùn kan tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà. Màmá ní aládùúgbò òun kan ní kílóòsì àwọn ti fi òun lọ́kàn balẹ̀ pé bí òun bá ti ṣe yógà fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun á da gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù. Òótọ́ ni pé yógà ń ṣe ara láǹfààní. Àwọn oníwádìí ti rí i pé ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀, ó ń ran ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lọ́wọ́, ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ àgbàlagbà dúró dáadáa kó má baà máa ṣubú. Àjọ ìlera àgbáyé gan-an gba àwọn tó ti pé ọdún 65 níyànjú pé kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá tó ń kọ́ ara ní ìdúró àti agbára, ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ fún oògùn ni, kò gba ipò oògùn. Ẹni tó bá já oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójijì, ẹ̀jẹ̀ náà lè fò sókè, rọpárọsẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e. Bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ yín bá wálẹ̀ lóòótọ́, dókítà tó kọ oògùn náà ni yóò dín in kù.

Ìdí rèé tí mo fi sọ pé ibi tí màmá yóò lọ kọ́ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ mú. Ohun tí ibẹ̀ yóò gbà fún wọn láti máa ṣe ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè: ṣé wọ́n á jẹ́ kí wọ́n lo oògùn lásìkò, ṣé wọ́n á jẹ́ kí wọ́n jẹun lásìkò, ṣé wọ́n á jẹ́ kí wọ́n jáde lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n? Ibi tó bá kọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, bó ti wù kó lẹ́wà tó nínú fọ́tò, kì í ṣe ti arúgbó tó ní àìsàn lára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ ohun tí a ń sọ. Áṣíráàmù ni ibi tí olùkọ́ ẹ̀sìn àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń gbàdúrà. Àlejò lè wọ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Wọn kì í jẹ ẹran tàbí ẹja, wọn kì í mu ọtí tàbí sìgá, òmíràn kì í tilẹ̀ fi àlùbọ́sà sí ọbẹ̀. Agogo ni wọ́n fi ń jí èèyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti sùn sórí òkè àdúrà rí ti mọ irú ìgbé ayé yẹn. Ẹ ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ ti jí lóru, ẹ sì ti rí ẹni tó gba ààwẹ̀ àìjẹ àìmu pẹ̀lú ìtọ̀ ṣúgà lára, tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ bí òkú. Ojú tí ẹ fi ń wo orí òkè nílé, òun náà ni kí ẹ fi wo áṣíráàmù lẹ́yìn odi. Nítorí pé òyìnbó ń lọ síbẹ̀, ìyẹn kò sọ ọ́ di ilé ìwòsàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo mẹ́ta tí ọmọ yìí kọ.

Àkọ́kọ́ ni ilé àṣàrò ọlọ́jọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní Vipassana, gẹ́gẹ́ bí S. N. Goenka ṣe fi ń kọ́ni. Kárí ayé ni wọ́n ní ilé, èyí tó tóbi jù wà ní Igatpuri, kò jìnnà sí Mumbai. Wọn kì í gba owó oúnjẹ tàbí ti ibùsùn, ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ náà ló lè fi ọrẹ sílẹ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Aago mẹ́rin ìdájí ni agogo ń lù. Bíi wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n fi ń jókòó ṣe àṣàrò lójúmọ́. Ẹnikẹ́ni kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n á sì gba fóònù lọ́wọ́ yín. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, tíì àti èso díẹ̀ ló kù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nígbà tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni obìnrin. Bàbá tí ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lóru yóò máa sùn níbi tí ìyàwó rẹ̀ kò sí, ìyàwó náà ló sì mọ àmì rẹ̀: kí ara máa gbọ̀n, kí òógùn tútù bo èèyàn, kí ọ̀rọ̀ máa dà wúruwùru lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń béèrè nípa àìsàn nínú fọ́ọ̀mù wọn, ẹ sì lè ṣàlàyé, kí wọ́n ṣètò oúnjẹ fún un. Síbẹ̀, fún tọkọtaya yìí, èmi ò ní mú un. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ kí èèyàn jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò dúró, ẹni ọdún 72 tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kà. Òfin ilé náà ni pé ní gbogbo ọjọ́ ẹ̀kọ́, kí olúkúlùkù dá àdúrà àti ìsìn tirẹ̀ dúró: kò sí ààwẹ̀, kò sí kíka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Wọn kò ní kí o fi ẹ̀sìn rẹ sílẹ̀ o, wọ́n ní kí o dá a dúró ni. Alhaji tí kì í pa ìrun márùn-ún jẹ, àti ìyá ìjọ tó ń ka rósárì lálaalẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ èyí kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Èkejì ni áṣíráàmù Sivananda tó wà ní Neyyar Dam, ní Kerala, bíi kìlómítà 30 sí ìlú Thiruvananthapuram. Ibẹ̀ tura, ẹ̀bá omi ni, wọ́n sì ti gba àlejò òkèèrè mọ́ra. Ètò ọjọ́ wọn kò yí padà: wọ́n ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, àṣàrò àti orin ní aago mẹ́fà, yógà ní aago mẹ́jọ, oúnjẹ àkọ́kọ́ ní aago mẹ́wàá. Yógà mìíràn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ kejì ní aago mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni orin àti àṣàrò alẹ́. Ẹ bá mi ṣírò. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, wákàtí 16 ni. Glibenclamide tó wà nínú Daonil kì í dúró de oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá pẹ́, ó ń fa ṣúgà ara lọ sílẹ̀ ni. Metformin nìkan kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí bàbá mú orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀ lọ bá dókítà, kó sì fi ètò oúnjẹ yìí hàn án. Kí ó kọ̀wé sí áṣíráàmù náà pé òun gbọ́dọ̀ máa jẹ nǹkan kékeré kí òun tó sùn àti nígbà tí òun bá jí. Bí wọ́n bá ní kò sí wàhálà, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí wọ́n bá ní ará ń fẹ́ ààwẹ̀, ẹ kí wọn, kí ẹ gba ibòmíràn lọ.

Ti màmá tún wà níbẹ̀. Nínú ìdúró méjìlá tí ilé Sivananda fi ń kọ́ni, fífi orí dúlẹ̀ kí ẹsẹ̀ wà lókè ló ṣáájú, fífi èjìká dúró ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní gìlàkómà kò gbọ́dọ̀ ṣe méjèèjì. Gbogbo ìdúró tí orí bá ti wà nísàlẹ̀ ju àyà lọ, títí kan èyí tí èèyàn fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ tí ìdí wà lókè, ń mú kí agbára omi inú ojú ga sí i. Ohun tí oògùn alẹ́ ń gbìyànjú láti mú wálẹ̀ gan-an nìyẹn. Gìlàkómà pọ̀ láàrin àwa adúláwọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ló sì ní in tí kò mọ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún tó fẹ́ lọ kọ́ yógà níbikíbi, kó kọ́kọ́ lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Mímí kíákíá bí ẹwìrì àti dídá èémí dúró pẹ́ náà kò yẹ ẹlẹ́jẹ̀ ríru, kò sì yẹ ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí ìpákè. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò béèrè àìsàn lọ́wọ́ yín kí ẹ tó tẹ́ ẹní. Èyí tí kò bá béèrè, ẹ dìde níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni áṣíráàmù Sivananda ti Rishikesh, lókè àríwá, létí odò Ganges. Orúkọ kan náà ni pẹ̀lú ti Kerala, ṣùgbọ́n àjọ ọ̀tọ̀ ló ni ín. Swami Sivananda dá a sílẹ̀ ní 1936. Dókítà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Malaya kó tó di olùfọkànsìn. Bóyá ìdí rèé tí áṣíráàmù náà fi ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ títí dòní. AIIMS, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, wà ní ìlú náà pẹ̀lú. Àgbàlagbà tó ń wá áṣíráàmù gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn wà, Rishikesh sì ní ìdáhùn sí ìyẹn. (Rishikesh yìí náà ni àwọn olórin Beatles lọ ní 1968, sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn, tí gbogbo ayé fi mọ orúkọ ìlú náà.) Àléébù rẹ̀ fún tọkọtaya wa ni pé ó jìnnà púpọ̀ sí Bengaluru, wọ́n máa wọ bàálù mìíràn. Òtútù ibẹ̀ ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní kì í ṣe ọyẹ́ ti Festac, ó ń wọ egungun, orúnkún tó ní làkúrègbé á sì sọ̀rọ̀.

Èmi ní ẹ̀kẹrin tí ọmọ náà kò kọ, ó sì sún mọ́ ọn ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ní Jigani, lẹ́bàá Bengaluru níbẹ̀, yunifásítì yógà kan wà tí wọ́n ń pè ní S-VYASA. Ó ní ilé ìtọ́jú tí èèyàn ti ń sùn, Arogyadhama lorúkọ rẹ̀, àwọn dókítà wà níbẹ̀, àwọn aláìsàn bíi tiwọn ni wọ́n sì dìídì ń kọ́ ní yógà. Ká ní òbí tèmi ni, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ọmọ náà sì lọ fojú ara rẹ̀ wo yàrá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àtẹ̀gùn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń lóṣòó sí pọ̀ ní India. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè wọ̀ ọ́, kó má lè dìde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí ọmọbìnrin wọn sọ kì í ṣe àròsọ. Nílé Sivananda, orin ìyìn sí àwọn òrìṣà ilẹ̀ India wà nínú ètò àárọ̀ àti ti alẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo àlejò wà níbẹ̀. Àwọn kan á jókòó, wọ́n á máa ṣe àdúrà tiwọn sínú. Ẹ̀rí ọkàn ẹlòmíràn kò ní gbà á. Èmi kì í ṣe pásítọ̀ tàbí lémọ̀mù, n kò ní dá ẹjọ́ náà. Kí tọkọtaya bá ara wọn sọ ọ́ nílé ni, kó má di ìjà ní yàrá àjèjì. Àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì náà ní áṣíráàmù ní India: Shantivanam, lẹ́bàá odò Kaveri ní Tamil Nadu, tí àlùfáà méjì láti ilẹ̀ Faransé dá sílẹ̀ ní 1950. Bó bá sì jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti àdúrà nìkan ni ẹ ń wá, ẹ kò nílò físà rárá. Àwọn mọ́ńkì Benedict ní Ewu, ìpínlẹ̀ Edo, ní ilé àlejò. Àwọn ni wọ́n ń ṣe àgbo Pax tí ẹ ń rí ní ṣọ́ọ̀bù oògùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ fò, nítorí àwọn tó fẹ́ mú ọmọ dání. Wòlíì èké kò mọ sí ilẹ̀ wa nìkan. Ní oṣù kẹrin 2018, ilé ẹjọ́ ní Jodhpur rán Asaram, olùkọ́ ńlá tó ní áṣíráàmù káàkiri India, ní ẹ̀wọ̀n gbére nítorí pé ó fipá bá ọmọbìnrin ẹni ọdún 16 lò pọ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn òbí ọmọ náà. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Ibi tí olórí ilé bá ti fẹ́ dá rí obìnrin tàbí ọmọdé ní yàrá nìkan, tí wọ́n bá ti ń ní kí ẹ má sọ fún ará ilé, tí wọ́n ń béèrè ilẹ̀ tàbí owó ìfẹ̀yìntì, ẹ jáde. Ẹ má sì fi páálí ìrìnnà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin India ni pé kí ẹni tó bá gba àlejò òkèèrè sílé fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba láàrin wákàtí 24. Nítorí náà wọ́n á béèrè páálí ìrìnnà, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ilé tó bá ní òun kì í kọ orúkọ àlejò sílẹ̀ fún ìjọba kò ní àṣẹ láti gbà yín.

Ti ìrìnnà fúnra rẹ̀ kò gùn. India kì í gba ará Nàìjíríà wọlé láìsí káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Bí ẹ bá ti gbà á rí, láti oṣù keje 2016 ni káàdì náà ti di ti gbogbo ayé yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un gún fún yín lórí pé ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ kò bá gbà á rí, tí ẹ sì ti lé ní 60, ẹ rí dókítà kí ẹ tó gbà á, nítorí abẹ́rẹ́ yìí lè ṣe àgbàlagbà tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ ní jàǹbá ju ọ̀dọ́ lọ. Ẹ kó oògùn sínú báàgì ọwọ́, nínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má mú tramadol gba Dubai o, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń fi í ṣe.

Màmá, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó fún ajẹ́ńtì ní kọ́bọ̀ nìyí. Ẹ rí dókítà yín méjèèjì. Lẹ́yìn náà, bí dókítà bá gbà, ẹ fi ilé yín ní Festac ṣe áṣíráàmù fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ọmọbìnrin yín ti Amuwo wá sùn tì yín. Ẹ jí ní aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ rìn lọ rìn bọ̀ ní àfẹ́nù kí ọkọ̀ tó pọ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ láìsí ẹran, ní aago mẹ́wàá àti aago mẹ́fà, pẹ̀lú ìpápánu kékeré tí dókítà bá ní kí bàbá máa jẹ. Kí bàbá wọn ṣúgà rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ sùn, nígbà tó bá jí, àti kó tó jẹun aago mẹ́wàá. Kí ṣúgà St. Louis wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ó ti lọ sí ìsàlẹ̀ 70, kó jẹ hóró mẹ́ta sí mẹ́rin lójú ẹsẹ̀, kó tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì fòpin sí ìdánwò náà. A jẹ́ pé Neyyar Dam kì í ṣe tiyín nìyẹn. Bí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ọmọ yín fi wọ́n ránṣẹ́ sí ibi tí ẹ bá mú, kí ẹ sì dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe rí. Bàbá Satellite Town tó béèrè nípa ẹsẹ̀ wíwú, tiyín ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.